Ìjà owó àtọ̀gbẹ: Ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà kò fowó sí abẹ́rẹ́ BCG, ni bàbá tó ṣe mọ́tò Mustang bá ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wo apá yín òsì. Ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ máa bá àpá róbótó kékeré kan níbẹ̀. Àpá abẹ́rẹ́ BCG nìyẹn, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì gún yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, kí ikọ́ ẹ̀gbẹ má baà mú yín. Ta ló máa rò pé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò wọ́n, tí àwọn ìyá ń tò fún ní sẹ́ńtà ìlera ìjọba, lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn olówó àti àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà? Ṣùgbọ́n ó dá a sílẹ̀. Ìjà náà ti lé lógún ọdún, kò sì tíì tán nílẹ̀ pátápátá títí dòní.

Ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe owó ìjọba nìkan o. Owó tí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn dá jọ ni, owó tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ń rìn kiri ìgboro tàwọn tọmọ wọn, tí wọ́n ń ta kéèkì, tí wọ́n ń bẹ ará àdúgbò. Ìbéèrè tí àwọn kan nínú wọn ń bi ẹgbẹ́ tó ń gba owó náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ní ẹ̀ ń wá ìwòsàn, ìwòsàn náà dà?

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ń ní, tí dókítà máa ń ní kí wọ́n dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, kí wọ́n máa lo oògùn oníhóró, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tá à ń sọ yìí, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sáàbà máa ń mú. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń ṣe ínsúlìn. Ínsúlìn yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, kó lè di agbára. Nínú àtọ̀gbẹ tọmọdé, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà ló kọjú ìjà sílé, tí wọ́n ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlìn. Tí wọ́n bá ti pa wọ́n tán, ojoojúmọ́ lẹni náà á máa gún abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Kò jẹun jù, kò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò jù, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sì rí abẹ́rẹ́ yẹn gún, ikú ni.

IKÚ MARY LÓ DÁ A SÍLẸ̀

Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lee Iacocca kì í ṣe dókítà, mọ́tò ló ń ṣe. Òun ló wà nídìí mọ́tò Mustang tí iléeṣẹ́ Ford gbé jáde lọ́dún 1964, tí ayé ń sáré rà. Nígbà tí òun àti Henry Ford Kejì jà, tí wọ́n lé e dànù lọ́dún 1978, iléeṣẹ́ Chrysler tó ti fẹ́ẹ̀ kú ló gbà, ó sì jí i dìde. Gbajúmọ̀ ni, olówó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí owó Iacocca kò lè rà. Mary, ìyàwó rẹ̀, ní àtọ̀gbẹ, wàhálà tí àìsàn náà kó bá a ló sì pa á lọ́dún 1983. Ọdún kejì ni ọkùnrin náà dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ìdílé rẹ̀, pé kí wọ́n máa fowó wá ìwòsàn àtọ̀gbẹ. Nígbà tó yá, ó tún dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe bọ́tà olóròóró ólífì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, ó ní gbogbo èrè ibẹ̀, ìwádìí àtọ̀gbẹ ni kó máa lọ. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Kó tó di pé Iacocca dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ńlá kan ti wà nílẹ̀. Ọdún 1970 ni ìyá kan ní Philadelphia, Lee Ducat, tí ọmọ rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ tọmọdé, kó àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n dá Juvenile Diabetes Foundation sílẹ̀. Orúkọ náà yí padà lẹ́yìn ìgbà náà, ó di JDRF, nígbà tó sì di ọdún 2024, wọ́n tún yí i sí Breakthrough T1D. Ẹgbẹ́ ńlá ni o! Gbajúmọ̀ òṣèré tẹlifíṣọ̀n nì, Mary Tyler Moore, tóun náà ní àtọ̀gbẹ yìí, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ alága wọn káríayé, kó tó kú lọ́dún 2017. Owó tí ẹgbẹ́ náà ti ná sórí ìwádìí láti 1970 lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ohun tí àwọn òbí yẹn ń sọ níbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn kò wá ìrọ̀rùn, ìwòsàn làwọn ń wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

DÓKÍTÀ OBÌNRIN TÍ WỌN KÒ FOWÓ LÉ LỌ́WỌ́

Ní Boston, ní iléewòsàn Massachusetts General, dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Denise Faustman, tó tún jẹ́ olùkọ́ ní Harvard. Lọ́dún 2001, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ ti gbádùn lọ́wọ́ àwọn. Kì í ṣe pé ṣúgà wọn kàn walẹ̀ o, ó ní ara wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínsúlìn fúnra rẹ̀. Ọdún 2003 ló tún gbé òmíràn jáde nínú ìwé ìròyìn Science, níbi tó ti ní àwọn sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹ̀yà ara tí òyìnbó ń pè ní spleen ló di èyí tó ń ṣe ínsúlìn.

Faustman wá ní òun fẹ́ dán an wò lára èèyàn. Abẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ lò? BCG ni. Ó ní BCG máa ń ta kiní kan jí nínú ara, tí kiní náà sì lè pa àwọn ọmọ ogun ara tó ń ṣìwà hù, tí á fi àwọn tó kù sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń lò láti 1921, tí ẹ̀rí rẹ̀ wà lápá ọ̀pọ̀ èèyàn káyé.

Ó tọ ẹgbẹ́ JDRF lọ fún owó. Wọn kò fún un.

Ibẹ̀ ni inú bí àwọn òbí kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rò ó: BCG kò lólówó tó ni ín. Kò sí iléeṣẹ́ tó máa ná mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù láti dán oògùn olówó pọ́ọ́kú wò, nígbà tí ẹlòmíì lè ṣe irú ẹ̀ kó tà á lọ́la. Ta ló wá yẹ kó náwó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹgbẹ́ aláàánú? Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ tí à ń dáwó fún bá ń ṣe bí oníṣòwò, kí ni ìwúlò rẹ̀?

Ibẹ̀ náà ni Iacocca ti wọlé. Lọ́dún 2004, ó fi mílíọ̀nù kan dọ́là lélẹ̀ fún Faustman, ó wá ké sí gbogbo aráàlú pé kí èèyàn mílíọ̀nù kan dá dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá kún un. Bàbá tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ìwòsàn bó ṣe polówó mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń dá a nìyẹn, tí owó fi jọ.

ẸGBẸ́ NÁÀ NÍ TIWỌN LÁTI SỌ

Ẹ má tíì bínú o. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ẹ̀dá ni. Kí ló dé tí JDRF fi kọ̀?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ yẹn, tí kálukú wọn ń sọ pé tòun nìyí. Owó kò sì lè kárí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń yẹ ìwé náà wò, àwọn òbí tó mọ ohun tí àìsàn náà ń ṣe sì máa ń bá wọn jókòó. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wo ti Faustman ní ẹ̀rí náà kò tíì tó.

Ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ yìí wá fojú hàn. Ibi ìwádìí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe irú ohun tí Faustman ṣe lára eku, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde nínú Science kan náà. Wọ́n ní lóòótọ́, àwọn eku kan gbádùn. Ṣùgbọ́n ti pé sẹ́ẹ̀lì láti inú spleen ló ń di oníṣẹ́ ínsúlìn, àwọn kò rí i. Ìdajì kan dúró, ìdajì kan wó lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà fi lè sọ pé àwọn kò ṣe àṣìṣe.

Faustman kò dúró. Pẹ̀lú owó tí Iacocca àtàwọn aláàánú mìíràn fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún BCG fáwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ó sì gbé èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2015 pé kó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú 150 èèyàn. Lọ́dún 2018 ló tún gbé òmíràn jáde: ó ní ṣúgà èèyàn mẹ́ta tí òun gún láti ìgbà àkọ́kọ́ walẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sì gòkè mọ́ fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Ariwo ta! Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe dókítà wọn pé àwọn fẹ́ BCG. Ṣùgbọ́n JDRF àti ẹgbẹ́ àtọ̀gbẹ ńlá kejì ní Amẹ́ríkà, American Diabetes Association, jọ kọ̀wé síta lọ́dún yẹn pé kí gbogbo èèyàn ṣe sùúrù, pé èèyàn mẹ́ta kò tó ẹ̀rí. Àwọn tí wọ́n gún náà, wọ́n ṣì ń lo ínsúlìn, ó kàn dín kù ni.

Iacocca fúnra rẹ̀ kò rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Oṣù keje ọdún 2019 ló kú, lẹ́ni ọdún 94.

Tí wọ́n bá bi èmi, màá ní JDRF ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Èèyàn kì í torí pé ọ̀rọ̀ kan dùn létí kó gbé owó ọmọ aláìsàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìbínú àwọn òbí kò parí síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

NÍGBÀ TÍ ẸGBẸ́ ALÁÀÁNÚ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í RA ÌPÍN

Láti ọdún 2006 ni JDRF ti ń fi owó ńlá sórí ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà láti ara awọ, èyí tó ń bá ẹ̀rọ tó ń fún ara ní ínsúlìn sọ̀rọ̀. Ọdún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ Medtronic ṣe. Ẹ̀rọ náà dára, ó ń jẹ́ kí ìyá sùn lóru. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan ń ráhùn pé ẹ̀rọ kì í ṣe ìwòsàn. Ṣé ẹ rántí pé ìwòsàn ni wọ́n ní àwọn ń wá lọ́dún 1970? Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ náà gan-an ń pẹ́ jù. Láti ọdún 2013 làwọn òbí àtàwọn aláìsàn tó mọ kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ wọn palẹ̀, tí wọ́n ń tún un tò fúnra wọn, wọ́n sì sọ ìnagijẹ ìjà wọn ní "A kò dúró mọ́".

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ yẹn dá àpò owó kan sílẹ̀, T1D Fund, tí wọ́n fi ń ra ìpín nínú àwọn iléeṣẹ́ oògùn kéékèèké. Wọ́n ra ti Semma, iléeṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Doug Melton ti Harvard dá sílẹ̀, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ méjèèjì ní àtọ̀gbẹ yìí. Wọ́n ra ti Provention Bio náà. Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ Vertex san mílíọ̀nù 950 dọ́là ra Semma. Lọ́dún 2023, Sanofi san bílíọ̀nù méjì àti mílíọ̀nù 900 dọ́là ra Provention.

Kí ni Provention ń tà? Oògùn kan tó ń jẹ́ Tzield ni, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lóṣù kọkànlá ọdún 2022. Kò wo àtọ̀gbẹ sàn, ó kàn ń dá a dúró díẹ̀ ni kó tó dé. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, nǹkan bí ọdún méjì ló fi dá a dúró. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fi ń gbà á. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nígbà tó jáde? Dọ́là 193,900! Ẹ ò gbọ́ mi yékéyéké: fún èèyàn kan ṣoṣo ni.

Ohun tó ń ká àwọn òbí lára nìyí. Wọ́n ní àwọn rìn, àwọn dáwó, owó náà wọ iléeṣẹ́ lọ, iléeṣẹ́ di ti olówó, olówó wá ń ta oògùn padà fáwọn ní iye tí ojú kò rí rí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ń sanwó kan náà.

Àwọn tó rántí ìtàn tún wá ń fi ọwọ́ tọ́ka sẹ́yìn. Nígbà tí Frederick Banting àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ínsúlìn ní Toronto, tí wọ́n kọ́kọ́ gún un fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan lóṣù kìíní ọdún 1922, wọn kò sọ ọ́ di okòwò. Ọdún 1923 ni wọ́n gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yunifásítì ìlú náà, dọ́là kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n gbà. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí i rà. Ìdí tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ T1International fi ní àwọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ oògùn nìyẹn, kí ẹnu àwọn má baà wúwo láti bá wọn jà lórí iye owó ínsúlìn.

Ẹgbẹ́ ńlá náà ń dáhùn o. Wọ́n ní èrè tí àwọn bá jẹ, inú ìwádìí ló ń padà sí, kò sẹ́ni tó ń kó o lọ sílé. Wọ́n ní láìsí iléeṣẹ́ olówó, oògùn kò lè jáde nínú yàrá ìwádìí. Èsì sì wà tí wọ́n lè nawọ́ sí. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, àbọ̀ iṣẹ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ Semma jáde: nínú èèyàn 12 tí wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì oníṣẹ́ ínsúlìn tó pé ìwọ̀n, 10 ni kò nílò abẹ́rẹ́ ínsúlìn mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara wọn, oògùn yẹn ní ewu tirẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà tún wà lára àwọn tó kó owó jọ lọ́dún 2022 fún iléeṣẹ́ tí kì í jèrè kan, Civica, pé kó máa ṣe ínsúlìn tí ìgò rẹ̀ kò ní ju 30 dọ́là lọ. Nítorí náà, a kò lè pè wọ́n ní olè. Ohun tá a lè sọ ni pé ọwọ́ kan náà ló ń gbá ọjà mú, tó sì ń gbá àánú mú, méjèèjì kì í sábàá gún régé.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ lè ní kí ló kàn wá. Ó kàn wá o. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ti Ìbàdàn darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1997, ní nǹkan bí 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tó di 2018, àwọn dókítà kó ìwádìí oríṣiríṣi pọ̀, wọ́n ní ó ti di 5.77. Ẹ̀jẹ̀ wa náà sì wà nínú ìwádìí àgbáyé. Àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó wà lára 5,231 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, tí Adebowale Adeyemo, Charles Rotimi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi rí ohun àbínibí kan tó ń fa àtọ̀gbẹ àgbàlagbà láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2019.

Àwọn èèyàn wa ní London àti Houston ń dá nínú owó ìrìn àánú wọ̀nyí náà. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, Sanofi tó ń ṣe ínsúlìn náà ní àwọn kò ní fọwọ́ ara àwọn tà á níbí mọ́, alágbàtà ni yóò máa tà á. Náírà ti wálẹ̀, oògùn ti gòkè. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gún ínsúlìn ní Mushin tàbí Òṣogbo kò rò ti sẹ́ẹ̀lì Boston. Ó ń rò bóun á ṣe ra ìgò tó ń bọ̀, àti ibi tóun á fi í sí tí iná bá lọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Inú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n bu omi tútù yí ká làwọn kan ń fi í pa mọ́ sí. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, oògùn 193,900 dọ́là àti ìtàn àlọ́, ọ̀kan náà ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbínú àwọn òbí Amẹ́ríkà yẹn kan àwa náà. Bí ẹgbẹ́ tó ń fi owó àánú wá oògùn kò bá ti bá oníṣòwò dúnàádúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí ni ẹ máa tà á, pé ẹ gbọ́dọ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ tálákà, ìwòsàn náà lè dé, kó má kan ilẹ̀kùn wa. Ọjọ́ tí owó ń jáde lápò ni àdéhùn yẹ kó wáyé. Tí ọjà bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ẹnu kò tún ràn án mọ́.

Kí n tó gbé gègé mi sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ohun tó kà níbí lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó gún BCG fún òun nítorí àtọ̀gbẹ. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i fún ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba ínsúlìn lọ́wọ́ ọmọ, kó fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Òkú ọmọ ni wọ́n máa ń gbé dé iléewòsàn.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn tí wọ́n bá gbé páálí owó kọjá níwájú yín, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí lókè òkun, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dá owó fún ìwádìí àìsàn, ẹ dá a o. Ẹ kàn bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lẹ fi tọdún tó kọjá ṣe? Tí oògùn bá jáde, ta ló máa ni ín? Èló lẹ máa tà á fún ọmọ tálákà? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá sì bínú, ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ èsì yín nìyẹn.